Orí Kẹfà: Ìpìlẹ̀ Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́: Ìlera àti Eré Ìdárayá
Kíláàsì: JSS 2

Àfojúsùn ẹ̀kọ́

Nígbà tí a bá parí orí yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

1. sọ ohun tí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ jẹ́ àti bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀;
2. ya àwòrán pápá, kí ó sì dárúkọ àwọn ìlà pàtàkì inú rẹ̀;
3. ka àmì ayò bó ṣe tọ́;
4. fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìrúfin àti fáòlù;
5. lu bọ́ọ̀lù, fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, ju bọ́ọ̀lù, kí ó sì yí lórí ẹsẹ̀ ìdúró;
6. ṣàlàyé bí ohun tí ó ti mọ̀ nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ṣe wúlò nínú eré yìí;
7. ṣètò eré mẹ́ta-sí-mẹ́ta ní àyè kékeré.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ajégúnlẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, jẹ́ ilé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ibẹ̀ ni Samson Siasia àti Odion Ighalo ti jáde wá kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, pápá Maracana tó wà níbẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ọmọ àdúgbò. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé yìí ní Ajégúnlẹ̀, Olódì-Àpápá, Àmúkokò tàbí Àpápá ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń sá wọ àyè tó ṣófo, bí wọ́n ṣe ń fi ara tan alátakò jẹ, àti bí wọ́n ṣe ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lásìkò. Orí ohun tí wọ́n ti mọ̀ yìí ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

6.1 Kí ni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀?

Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni eré tí ikọ̀ méjì ń fi ọwọ́ gbá, tí ènìyàn 5 ń ṣojú fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí pápá, tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń wá ọ̀nà láti ju bọ́ọ̀lù gba inú òrùka irin tí alátakò ń ṣọ́. Básíkẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń pè é. Ikọ̀ tí àmì ayò rẹ̀ bá pọ̀ jù nígbà tí àkókò bá pé ló borí.

Ohun mẹ́ta ló mú kí eré yìí yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá:

- Ọwọ́ ni a fi ń gbá a. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù ti rú òfin.
- Òkè ni ojú ilé wà, ó sì kọjú sí ọ̀run. Láti òkè ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti wọlé.
- Kò sí aṣọ́lé. Gbogbo ènìyàn 5 ló ń kọlu alátakò, gbogbo wọn náà ló ń padà wá ṣọ́ ilé.

Ohun kẹta yìí ló fà á tí kò fi sí ẹni tó lè dúró máa wòran lórí pápá. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ̀ kan, lójú ẹsẹ̀ ni ẹni tó ń kọluni yóò di ẹni tó ń ṣọ́lé.

6.2 Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ James Naismith, ọmọ Kánádà, ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ YMCA ní ìlú Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Òtútù àti yìnyín kò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣeré níta, eré ìdárayá tí wọ́n ń ṣe nínú gbọ̀ngàn sì ti sú wọn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó wá eré tuntun tí wọn yóò lè ṣe nínú ilé láìṣe ara wọn léṣe, ó sì fún un ní ọ̀sẹ̀ 2.

Naismith fara balẹ̀ wo àwọn eré tó wà nílẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù sá lọ ni àwọn yòókù máa ń rọ́ lù, tí wọ́n á gbé e ṣubú. Ó wá fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù rìn. Ó tún ṣàkíyèsí pé bí ojú ilé bá wà nílẹ̀, agbára ni wọn yóò máa fi ta bọ́ọ̀lù sí i. Ó gbé ojú ilé lọ sókè, kí ó lè jẹ́ pé ẹni tó bá fi ìwọ̀n ju bọ́ọ̀lù ni yóò jẹ ayò. Ó kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ òkè gbọ̀ngàn náà, ó kọ òfin 13 sílẹ̀, ó sì pín akẹ́kọ̀ọ́ 18 sí ikọ̀ méjì. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni wọ́n fi gbá eré àkọ́kọ́.

Ìpinnu méjì yẹn ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ òfin tí a ó kọ́ nínú orí yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rántí pé a kì í gbé bọ́ọ̀lù rìn, àti pé òkè ni ojú ilé wà, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa há òfin sórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 1932 ni wọ́n dá FIBA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lágbàáyé, sílẹ̀ ní ìlú Geneva. Eré náà wọ ìdíje Òlíńpíìkì fún àwọn ọkùnrin ní ìlú Berlin lọ́dún 1936, ó sì wọ̀ ọ́ fún àwọn obìnrin ní Montreal lọ́dún 1976.

6.3 Pápá àti ohun èlò

Pápá. Pápá tí FIBA fọwọ́ sí gùn ní mítà 28, ó sì fẹ̀ ní mítà 15. Àwọn ìlà tó ṣe kókó nínú rẹ̀ nìwọ̀nyí:

- Ìlà àárín pín pápá sí méjì. Agbo kan wà láàárín rẹ̀, níbi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀.
- Ìlà ìjù ọ̀fẹ́ jìnnà sí pátákó ẹ̀yìn ní mítà 4.60.
- Àgbègbè abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀ tó wà láàárín ìlà ìjù ọ̀fẹ́ àti òpin pápá. Wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà kun ún.
- Ìlà alámì mẹ́ta ni ìlà tó tẹ̀ bí ọrun yí apẹ̀rẹ̀ ká. Mítà 6.75 ni ó fi jìnnà sí i.

Apẹ̀rẹ̀. Nínú eré òde òní, apẹ̀rẹ̀ ni òrùka irin àti àwọ̀n tó so mọ́ ọn. Òrùka náà ga ní mítà 3.05 sílẹ̀, inú rẹ̀ sì fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Pátákó ẹ̀yìn ni pátákó tí wọ́n so òrùka mọ́. Ó fẹ̀ ní mítà 1.80, ó sì ga ní mítà 1.05. Bọ́ọ̀lù tó bá kọ́kọ́ lu pátákó kó tó wọlé ṣì jẹ́ ayò.

Bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù oníwọ̀n 7 ni àwọn ọkùnrin ń lò. Ó wúwo ní gíráàmù 580 sí 620. Oníwọ̀n 6 ni ti àwọn obìnrin, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 510 sí 550. Oníwọ̀n 5 tó kéré jù wọ́n lọ wà fún àwọn ọmọdé. Bọ́ọ̀lù oníwọ̀n 7 fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24. Èyí túmọ̀ sí pé inú òrùka fẹ̀ tó bọ́ọ̀lù kan àti ààbọ̀, ó tún ṣẹ́ kù. Àyè wà dáadáa fún bọ́ọ̀lù tó bá ti òkè bọ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá wá tààrà láti ẹ̀gbẹ́ ni òrùka máa ń dá padà.

Ilẹ̀. Ilẹ̀ líle ni eré yìí ń fẹ́, nítorí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ta sókè padà nígbà tí a bá lù ú. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ṣeé gbá lórí iyanrìn, ṣùgbọ́n bí a bá lu bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lórí iyanrìn, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ajégúnlẹ̀ gidigidi, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi òjò sì máa ń dúró sí i. Ilẹ̀ tí wọ́n bá da kọ́ńkéré sí, tí wọ́n sì la ojú gọ́tà fún kí omi lè ṣàn kúrò, ló dára jù. Bí ilẹ̀ bá ṣì tutù, kí a nù ún gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó sáré lórí rẹ̀.

6.4 Àwọn agbábọ́ọ̀lù àti ipò wọn

Ikọ̀ kan lè ní tó agbábọ́ọ̀lù 12, ṣùgbọ́n ènìyàn 5 péré ló ń wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù jẹ́ arọ́pò. Ní bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ẹni tí wọ́n bá ti yọ kì í padà wọlé mọ́. Nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ó lè jáde, kí ó sì padà wọlé lọ́pọ̀ ìgbà.

Ipò mẹ́ta ni àwọn ènìyàn 5 náà pín sí:

- Gáàdì (ènìyàn 2). Ọwọ́ wọn ni bọ́ọ̀lù sábà máa ń wà nígbà tí ikọ̀ bá ń gòkè lọ. Ọ̀kan nínú wọn ń darí eré, èkejì sábà máa ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè.
- Fọ́wáàdì (ènìyàn 2). Ẹ̀gbẹ́ pápá àti itòsí apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń sáré gé wọnú, wọ́n sì ń bá alátakò du bọ́ọ̀lù tó ta padà.
- Sẹ́ńtà (ènìyàn 1). Òun ló sábà máa ń ga jù. Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni ibùdó rẹ̀.

Ipò kò so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré yìí gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ọmọ tó kúrú lónìí lè ga lọ́dún tó ń bọ̀.

6.5 Àkókò àti àmì ayò

Àkókò. Abala 4 ni eré ní, ìṣẹ́jú 10 sì ni abala kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń sinmi fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn abala kejì. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kì í parí ní ọ̀mì. Bí àmì ayò bá dọ́gba, wọn yóò fi ìṣẹ́jú 5 kún un, wọn yóò sì máa fi kún un bẹ́ẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi borí. Bí eré bá dúró, aago náà yóò dúró.

Rẹfirí ló ń bẹ̀rẹ̀ eré. Yóò ju bọ́ọ̀lù sókè láàárín alátakò méjì nínú agbo àárín, àwọn méjèèjì yóò sì fò láti gbá a sọ́dọ̀ ikọ̀ tiwọn.

Àmì ayò. Ibi tí ẹni tó ju bọ́ọ̀lù dúró sí ló ń sọ iye tí ayò tó:

| Irú ìjù | Àmì ayò |
|---|---|
| Ìjù ọ̀fẹ́ | 1 |
| Ìjù láti inú ìlà alámì mẹ́ta | 2 |
| Ìjù láti ẹ̀yìn ìlà alámì mẹ́ta | 3 |

Àpẹẹrẹ. Ní abala kan, ikọ̀ A ju bọ́ọ̀lù wọlé ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láti inú ìlà, ẹ̀ẹ̀mejì láti ẹ̀yìn ìlà, àti ìjù ọ̀fẹ́ 3. Àmì ayò mélòó ni ó ní?

Ìdáhùn: (5 × 2) + (2 × 3) + (3 × 1) = 10 + 6 + 3 = 19.

Bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá tẹ ìlà alámì mẹ́ta, àmì 2 ni ayò náà yóò jẹ́.

6.6 Òfin eré

Oríṣi méjì ni ẹ̀ṣẹ̀ inú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀: ìrúfin àti fáòlù.

Ìrúfin ni ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ bí a ṣe lo bọ́ọ̀lù, ìlà tàbí àkókò. Ìjìyà rẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù yóò di ti alátakò, tí wọn yóò jù ú wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ìrúfin tó wọ́pọ̀ jù nìwọ̀nyí:

- Gbígbé bọ́ọ̀lù rìn. Ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú kò gbọ́dọ̀ máa rìn lọ láìlù ú mọ́lẹ̀. Ẹni tó gba bọ́ọ̀lù nígbà tó ń sáré lè gbé ìṣísẹ̀ 2, kí ó tó dúró, kí ó fi ránṣẹ́ tàbí kí ó jù ú.
- Àlùtúnlù. Bí agbábọ́ọ̀lù bá lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, tó wá dì í mú, kò lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Bákan náà, kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì lù ú pọ̀.
- Bọ́ọ̀lù jíjáde. Bọ́ọ̀lù, tàbí ẹni tó dì í mú, kò gbọ́dọ̀ kan ìlà ẹ̀gbẹ́ tàbí ìta.
- Pípadà sẹ́yìn. Bí ikọ̀ bá ti gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àárín, kò gbọ́dọ̀ dá a padà sí ìdajì pápá tirẹ̀.

Òfin àkókò náà wà. Òun ló ń mú kí eré yá kánkán:

| Ìṣẹ́jú-àáyá | Ohun tí òfin sọ |
|---|---|
| 3 | Ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àgbègbè abẹ́ apẹ̀rẹ̀ alátakò |
| 5 | Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ìta gbọ́dọ̀ jù ú kó tó pé |
| 8 | Ikọ̀ gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àárín kó tó pé |
| 24 | Ikọ̀ gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ kó tó pé, bọ́ọ̀lù náà sì gbọ́dọ̀ kan òrùka |

Fáòlù ni ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ ara alátakò: títì í, dídì í mú, gbígbá a lọ́wọ́, fífi ẹsẹ̀ kọ́ ọ tàbí rírọ́ lù ú. Ìjìyà rẹ̀ wà lórí ohun tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ àti ibi tó wà. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá ń ju bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, tí bọ́ọ̀lù náà sì wọlé, ayò rẹ̀ dúró, yóò sì gba ìjù ọ̀fẹ́ 1 sí i. Bí bọ́ọ̀lù kò bá wọlé, yóò gba ìjù ọ̀fẹ́ 2, tàbí 3 bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìlà alámì mẹ́ta ló wà. Ìjù ọ̀fẹ́ ni ìjù tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí lọ́wọ́.

Agbábọ́ọ̀lù tí fáòlù rẹ̀ bá pé 5 gbọ́dọ̀ jáde, kò sì ní padà wọ eré náà mọ́. Bákan náà, bí ikọ̀ kan bá ti ṣe fáòlù 4 ní abala kan, fáòlù karùn-ún àti èyíkéyìí tó bá tẹ̀lé e yóò máa fún alátakò ní ìjù ọ̀fẹ́ 2, kódà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò bá ju bọ́ọ̀lù lọ́wọ́.

6.7 Ọgbọ́n ìpìlẹ̀

(a) Ìdúró àti ẹsẹ̀ ìdúró. Ya ẹsẹ̀ méjèèjì tó ìwọ̀n èjìká rẹ. Tẹ orúnkún díẹ̀. Gbé orí sókè, kí ìwúwo ara rẹ sì wà ní iwájú àtẹ́lẹsẹ̀. Láti inú ìdúró yìí ni gbogbo ọgbọ́n yòókù ti ń jáde.

Ẹsẹ̀ ìdúró ni ẹsẹ̀ kan tí ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú fi kan ilẹ̀ ní ojú kan, nígbà tó ń fi ẹsẹ̀ kejì yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó lè yí bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ ìdúró kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láti lù ú mọ́lẹ̀.

(b) Lílu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní dríbù, ni ọ̀nà tí òfin fọwọ́ sí láti gbé bọ́ọ̀lù rìn:

1. Fi ìka ọwọ́ ti bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Má fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a.
2. Má jẹ́ kí ó ta kọjá ìbàdí rẹ. Bí alátakò bá sún mọ́ ọ, jẹ́ kí ó rẹlẹ̀ tó orúnkún.
3. Fi ara rẹ àti ọwọ́ kejì dá ààbò bò ó.
4. Gbé ojú sókè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ni kí o máa wò, kì í ṣe bọ́ọ̀lù.
5. Fi ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì kọ́ ọ dọ́gba-dọ́gba.

(d) Fífi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, ìyẹn páàsì, pín sí mẹ́ta. Páàsì àyà ń lọ tààrà láti àyà ẹni tó jù ú sí àyà ẹni tó gbà á. Páàsì ilẹ̀ ń lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń gbà á. Ó dára bí alátakò bá na ọwọ́ sókè. Páàsì orí ń kọjá lókè orí alátakò. Bọ́ọ̀lù tí a fi ránṣẹ́ yára ju ẹni tó ń lu bọ́ọ̀lù lọ, ìdí nìyí tí ikọ̀ tó mọ páàsì ṣe máa ń rẹ alátakò rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

(e) Jíju bọ́ọ̀lù. Dúró dáadáa, kí o sì kọjú sí apẹ̀rẹ̀. Fi ọwọ́ tó lágbára sí abẹ́ àti ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù, kí ọwọ́ kejì kàn di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù, kí ó má ṣe ya sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ orúnkún, na ara sókè, na apá, kí o sì dẹ ọrùn ọwọ́ síwájú bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kúrò. Orúnkún ni agbára ti ń wá, ọwọ́ ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jù ú láti itòsí, kí ó tó máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

(ẹ) Gbígba bọ́ọ̀lù tó ta padà. Ìjù tí kò wọlé kò tíì parí. Kí bọ́ọ̀lù tó lu òrùka, wá alátakò rẹ, kọ ẹ̀yìn sí i láti dí ọ̀nà mọ́ ọn, kí o tó fò gba bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

(f) Ṣíṣọ́ alátakò. Dúró sí àárín alátakò àti apẹ̀rẹ̀. Rẹ ara sílẹ̀, na ọwọ́, kí o sì máa fi ẹsẹ̀ wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n kọjá lórí ara wọn. Ìbàdí rẹ̀ ni kí o máa wò. Ojú àti ọwọ́ lè tan ni jẹ, ṣùgbọ́n ibi tí ìbàdí bá kọjú sí ni ara ń lọ.

6.8 Láti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá sí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀: àpẹẹrẹ Hakeem Ọlájùwọ́n

Wọ́n bí Hakeem Ọlájùwọ́n ní Èkó ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1963. Ọmọ Yorùbá ni. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Nígbà tó wà ní Muslim Teachers College ní Èkó, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá àti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló ń gbá, ipò aṣọ́lé ni wọ́n sì ń fi í sí nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀.

Láti Èkó, ó lọ sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1984, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nígbà tí àwọn ikọ̀ NBA, líìgì tó lókìkí jù lágbàáyé, ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Ikọ̀ Houston Rockets ló mú un. Ó bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ líìgì náà ní 1994 àti 1995. Ìjù alátakò 3,830 ni ó dí, kò sì sí ẹni tó tíì dí tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn NBA. Ní ọdún 2008, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ilé ọlá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó wà ní Springfield, ìlú tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọlájùwọ́n fúnra rẹ̀ sọ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti àfọwọ́gbá ni òun ti kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yá. Àwọn ọgbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé láti eré kan lọ sí èkejì nìyí:

| Ohun tí a kọ́ nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá | Ibi tó ti wúlò nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ |
|---|---|
| Aṣọ́lé ń ka ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ó sì ń fò lásìkò | Dídí ìjù, gbígba bọ́ọ̀lù tó ta padà |
| Kíkọ ẹ̀yìn sí alátakò láti dáàbò bo bọ́ọ̀lù | Yíyí lórí ẹsẹ̀ ìdúró lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ |
| Fífi ara tan alátakò jẹ kí a tó yà sí ọ̀nà mìíràn | Títú ara ẹni sílẹ̀ láti ju bọ́ọ̀lù |
| Sísá wọ àyè tó ṣófo láti gba bọ́ọ̀lù | Gígé wọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀ |

Àwọn àṣà kan wà tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sílẹ̀. Fífi èjìká ti èjìká láti gba bọ́ọ̀lù lè kọjá nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Fáòlù ni níhìn-ín. Wíwo ilẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lọ́dọ̀ ẹni kò bójú mu, nítorí òkè ni apẹ̀rẹ̀ wà. Nína ẹsẹ̀ láti gé bọ́ọ̀lù jẹ́ ìrúfin.

6.9 Eré mẹ́ta-sí-mẹ́ta

Pápá tó gùn ní mítà 28 kò rọrùn láti rí níbi tí ilé ti fún mọ́ ilé. Fún irú ibi bẹ́ẹ̀, eré mẹ́ta-sí-mẹ́ta bá a mu. Ìdajì pápá àti apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń lò. Eré gidi tí FIBA fọwọ́ sí ni. Ó wọ ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo, tó wáyé ní ọdún 2021. Àwọn òfin rẹ̀ tó ṣe kókó nìyí:

1. Pápá rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 15, ó sì gùn ní mítà 11.
2. Ènìyàn 3 ló ń wà lórí pápá fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, arọ́pò kan ló sì wà níta.
3. Ìjù láti inú ìlà tó tẹ̀ jẹ́ àmì 1, láti ẹ̀yìn ìlà jẹ́ àmì 2, ìjù ọ̀fẹ́ sì jẹ́ àmì 1.
4. Ìṣẹ́jú 10 ni eré. Ikọ̀ tó bá kọ́kọ́ ní àmì 21 kí àkókò tó pé ti borí.
5. Ìṣẹ́jú-àáyá 12 ni ikọ̀ ní láti ju bọ́ọ̀lù.
6. Bí ikọ̀ bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ alátakò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e jáde sí ẹ̀yìn ìlà tó tẹ̀ kí ó tó lè jù ú sí apẹ̀rẹ̀.

Nínú eré yìí, bọ́ọ̀lù máa ń dé ọwọ́ olúkúlùkù léraléra, nítorí ènìyàn kò pọ̀. Èyí mú un wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

6.10 Nàìjíríà nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀

D'Tigress ni ikọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà. Wọ́n ti gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀meje: 2003, 2005, 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní 2024, wọ́n na Australia ní 75 sí 62, wọ́n sì na Kánádà ní 79 sí 70. Wọ́n tipa bẹ́ẹ̀ di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tó dé ìpele tó ṣáájú èyí tó kángun sí àṣekágbá nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Òlíńpíìkì. Rena Wakama ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Òun náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tó kọ́ ikọ̀ kan gba ife-ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Áfíríkà, ní ọdún 2023.

D'Tigers ni ikọ̀ àwọn ọkùnrin. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún 2015 nígbà tí wọ́n na Angola ní 74 sí 65. Ní oṣù Keje ọdún 2021, wọ́n na Amẹ́ríkà ní 90 sí 87 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ní ìlú Las Vegas.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun náà ti ṣe bẹbẹ. Giannis Antetokounmpo, tí wọ́n bí sí Athens fún àwọn òbí tó ti Nàìjíríà lọ, ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní NBA ní 2019 àti 2020. Ní ọdún 2021, ó gba àmì ayò 50 nínú eré tó fún ikọ̀ rẹ̀, Milwaukee Bucks, ní ife-ẹ̀yẹ líìgì.

6.11 Ààbò lórí pápá

- Na iṣan ara, kí o sì rọra sáré fún ìṣẹ́jú 10 kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún ló máa ń fara pa jù.
- Wọ bàtà tó ní rọ́bà tó di ilẹ̀ mú. Má gbá a pẹ̀lú sálúbàtà.
- Gé èékánná, kí o sì yọ òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí.
- Má rọ̀ mọ́ òrùka irin, pàápàá èyí tí òpó rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.
- Mu omi léraléra.

Àkótán

- Ènìyàn 5 sí 5 ni eré náà, abala 4 oníṣẹ́jú 10 ló sì ní.
- James Naismith ló dá a sílẹ̀ ní 1891. Ìpinnu méjì tó jẹ́ gbòǹgbò òfin rẹ̀ ni pé a kò gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù rìn, àti pé òkè ni ojú ilé gbọ́dọ̀ wà.
- Ayò lè jẹ́ àmì 1, 2 tàbí 3.
- Ìrúfin jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù, ìlà àti àkókò. Fáòlù jẹ mọ́ ara alátakò.
- Ọgbọ́n ẹsẹ̀ tí a kọ́ nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá wúlò níhìn-ín, bí ìtàn Ọlájùwọ́n ṣe fi hàn.
- Ìdajì pápá tó fún eré mẹ́ta-sí-mẹ́ta.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Apá A: Yan ìdáhùn tó tọ̀nà

1. Òrùka apẹ̀rẹ̀ ga sílẹ̀ ní: (a) mítà 2.50 (b) mítà 3.05 (d) mítà 4.60
2. Agbábọ́ọ̀lù tó lu bọ́ọ̀lù, tó dì í mú, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú ti ṣe: (a) fáòlù (b) àlùtúnlù (d) ìjù ọ̀fẹ́
3. Lẹ́yìn fáòlù mélòó ni agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jáde? (a) 3 (b) 4 (d) 5

Apá B: Dáhùn ní ṣókí

4. Kí ló dé tí Naismith fi gbé ojú ilé lọ sókè?
5. Fi ìyàtọ̀ méjì hàn láàárín ìrúfin àti fáòlù, kí o sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpẹẹrẹ.
6. Kí nìdí tí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kò fi ṣeé gbá lórí iyanrìn?
7. Dárúkọ ọgbọ́n mẹ́ta tí agbábọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lè lò nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, àti àṣà kan tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀.

Apá D: Ìṣirò

8. Ikọ̀ B ju bọ́ọ̀lù wọlé ní ẹ̀ẹ̀meje láti inú ìlà alámì mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan láti ẹ̀yìn rẹ̀, àti ìjù ọ̀fẹ́ 4. Ṣírò àmì ayò rẹ̀.
9. Nínú eré mẹ́ta-sí-mẹ́ta, ikọ̀ kan ju bọ́ọ̀lù wọlé ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án láti inú ìlà, ẹ̀ẹ̀mẹrin láti ẹ̀yìn ìlà, àti ìjù ọ̀fẹ́ 2. Ṣé ó ti borí kí àkókò tó pé? Ṣàlàyé.

Apá E: Iṣẹ́ orí pápá

10. Lu bọ́ọ̀lù láti ìlà kan dé èkejì pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, kí o sì fi ọwọ́ òsì padà. Olùkọ́ yóò máa na ìka sókè, ìwọ yóò sì máa pe iye rẹ̀ láìwo bọ́ọ̀lù.
11. Ní ẹgbẹ́ méjì-méjì, ẹ fi páàsì àyà, páàsì ilẹ̀ àti páàsì orí ránṣẹ́ síra yín nígbà 10 lọ́kọ̀ọ̀kan.
12. Ẹ wọn àyè kan tó le ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yín. Ẹ fi ẹfun ya ìdajì pápá sí i, kí ẹ sì ṣètò ìdíje mẹ́ta-sí-mẹ́ta fún kíláàsì. Kí ẹnì kan jẹ́ rẹfirí, kí ẹnì kan sì máa kọ àmì ayò àti fáòlù sílẹ̀.